ÌDÌ ÌRÀWỌ̀ ÀTI ẸYÍN INÁ OJÚ Ọ̀RUN

  

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ọjọ́ orí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà láàárín wa tí a kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ tí a bí wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé dé, ilé ẹjọ́ pe ẹlẹ́rìí, wọ́n sì kọ « né vers 1950 » tàbí « née vers 1962 » sínú ìwé náà. « Vers » túmọ̀ sí « ní nǹkan bí ».

Báwo ni a ṣe ń mọ irú ọdún bẹ́ẹ̀? A ń wádìí rẹ̀ ni. A ó bèèrè pé: « Ǹjẹ́ a ti bí i nígbà tí a gba òmìnira ní 1960? Ṣé ó ti ń rìn nígbà tí orúkọ Dahomey di Bénin ní 1975? » Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, ìyá rẹ̀ lè sọ pé: « Ọdún tí òṣùpá bo oòrùn ní òwúrọ̀ ni mo bí i. » Ọdún yẹn ni 2006, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Bí ẹ̀rí ènìyàn méjì bá bá ara mu, ọkàn wa á balẹ̀. Bí kò bá bá ara mu, a mọ̀ pé ẹnì kan ṣì í nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe. Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ orí àgbáálá ayé. Kò sí ìwé ìbí. Kò sí àgbàlagbà tí ó wà níbẹ̀ tí a lè bi léèrè. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n rí ni àwọn ìràwọ̀ kan tí iná wọn ti kú, tí ìmọ́lẹ̀ wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí wọn.

Ẹ má ṣe da onímọ̀ ìràwọ̀ pọ̀ mọ́ awòràwọ̀. Awòràwọ̀ ni ẹni tí ó ń sọ pé òun rí ọ̀la ènìyàn nínú ìràwọ̀. Onímọ̀ ìràwọ̀ kì í sọ ti ọ̀la ẹnikẹ́ni. Ó ń wò, ó ń kà, ó ń wọ̀n, ó sì ń ṣe ìṣirò.


1. ÌRÀWỌ̀ JẸ́ INÁ

Ìràwọ̀ ni oòrùn wa. Òun ni ìràwọ̀ tí ó sún mọ́ wa jù lọ. Ìdí nìyí tí ó fi tóbi lójú wa. Àwọn ìràwọ̀ yòókù jìnnà, ni wọ́n ṣe dà bí iná fìtílà tí a rí láti òdì kejì odò.

Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà tó? Bí a bá fi kìlómítà kà á, òdo yóò pọ̀ jù lójú ìwé. Nítorí náà, ìrìn ìmọ́lẹ̀ ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300 000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ó lè yí ilẹ̀ ayé po ní ìgbà méje. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lo ìṣẹ́jú 8 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ti àwọn ìràwọ̀ yòókù ń lo ọdún púpọ̀. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn ní ọdún kan ni a ń pè ní « ọdún ìmọ́lẹ̀ ».

Iná ìràwọ̀ kì í ṣe iná igi. Gáàsì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ háídrójìn ni ó ń jẹ. Ooru inú ìràwọ̀ pọ̀ púpọ̀, ohun gbogbo sì fún pọ̀ mọ́ra níbẹ̀. Èyí ni ó ń sọ háídrójìn di gáàsì mìíràn tí a ń pè ní hílíọ́mù. Agbára tí ó ń jáde nígbà náà ni a rí bí ìmọ́lẹ̀. Háídrójìn inú oòrùn tó o fún nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 10. Ó ti lo nǹkan bí bílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀ nínú rẹ̀.

Kí ni bílíọ̀nù? Ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni. Òun ni àwọn ará ilé báńkì wa ń pè ní « milliard ». Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 1 000 000 000. Ẹ ka òdo rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni.

Ohun kan wà tí ó ya iná ìràwọ̀ sọ́tọ̀ sí iná igi. Nínú ààrò, ìtì igi ńlá ń pẹ́ ju igi tín-ín-rín lọ. Ìràwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ ńlá ní oúnjẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ná an ní ìná àpà. Nítorí náà ó máa ń tètè kú. Ìràwọ̀ kékeré kò ní púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ ọ ná, ó sì ń pẹ́ láyé. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó tún padà bá a.


2. ÌDÌ ÌRÀWỌ̀

Kò sí ará Pobẹ̀ tí kò mọ ìdì ẹyìn. Ìlú ọ̀pẹ ni Pobẹ̀. Níbẹ̀ ni ibùdó tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀pẹ ní ilẹ̀ Bénin wà. Bí ẹ bá gé ìdì ẹyìn kan lulẹ̀, ẹ ó rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyìn tí wọ́n fún mọ́ra. Àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré. Ṣùgbọ́n ìdì kan náà ni wọ́n, àkókò kan náà ni wọ́n sì so.

Irú ìdì bẹ́ẹ̀ wà lójú ọ̀run. Ìràwọ̀ ni ó wà nínú tiwọn. Ìdì kan lè ní ìràwọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, kí gbogbo wọn fún mọ́ra róbótó. Irú ìdì tó ju 150 lọ ni àwọn onímọ̀ ti kà yí ká agbo ìràwọ̀ ńlá tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní « Voie lactée ».

Kí ni ó dé tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn ìdì wọ̀nyí? Ìdí méjì ni.

Ìdí kìíní: àkókò kan náà ni a bí àwọn ìràwọ̀ inú ìdì kan. Bí a bá mọ ọjọ́ orí díẹ̀ nínú wọn, a ti mọ ti gbogbo wọn.

Ìdí kejì: ibi kan náà ni wọ́n wà. Ẹ wo ọ̀nà tó lọ sí ọjà ní alẹ́. Ẹ rí fìtílà méjì lókèèrè. Ọ̀kan mọ́lẹ̀, èkejì kò mọ́lẹ̀ tó o. Ṣé èyí tí kò mọ́lẹ̀ kéré ni, tàbí ó jìnnà ju èkejì lọ ni? Ẹ kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé orí àtẹ kan náà ni méjèèjì wà, ẹ ti mọ̀ pé iná ọ̀kan kéré sí ti èkejì ní tòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìdì ìràwọ̀ rí. Gbogbo wọn wà lórí àtẹ kan.

Nínú àwọn ìdì tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni èyí tí a ń pè ní M4 wà. Ọmọ Faransé kan, Charles Messier, ni ó to irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn. M ni lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀. M4 ni ìkẹrin nínú ìwé náà. Ó jìnnà tó nǹkan bí 6 000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ojú wa lálẹ́ yìí ti kúrò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlú wa dó.


3. ẸYÍN INÁ

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oúnjẹ ìràwọ̀ bí oòrùn wa bá tán? Kì í kú lójijì. Ó kọ́kọ́ ń wú, ó ń pọ́n, ó sì ń tóbi gan-an. Lẹ́yìn náà ó ń bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀: gáàsì tí ó bo ìta rẹ̀ á fẹ́ lọ sínú òfuurufú. Ohun tí ó kù ni ọkàn rẹ̀ nìkan.

Ọkàn yìí kéré, ó sì wúwo. Ìtóbi rẹ̀ kò jìnnà sí ti ilẹ̀ ayé wa, ṣùgbọ́n ó lè wúwo tó ìdajì oòrùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá lè bu èyí tí ó tó hóró ṣúgà kan nínú rẹ̀, yóò ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní « aràrá funfun »; ní èdè Faransé, « naine blanche ». A pè é ní aràrá nítorí pé ó kéré. A pè é ní funfun nítorí pé ooru rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń tàn funfun.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ti mọ nǹkan yìí tẹ́lẹ̀. Ẹyín iná ni. Igi ti jó tán. A kò fi igi mìíràn sí i. Ṣùgbọ́n ẹyín iná ṣì ń tàn nínú eérú. Ó ń tutù díẹ̀díẹ̀. Ìyá tí ó bá na ọwọ́ sí ààrò ní òwúrọ̀ lè sọ bóyá ìrọ̀lẹ́ àná ni iná náà kú tàbí ní ọ̀gànjọ́ òru. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó kú. Ooru tí ó kù ni ó sọ fún un.

Aràrá funfun náà kò dáná mọ́. Ó ń tutù ni. Bí ó ti ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dín. Àwọn onímọ̀ mọ bí ìtútù náà ṣe ń yá sí àti bí ó ṣe ń falẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá lè wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó kù, wọ́n lè ka ọdún tí iná ti kú.


4. ÌRÀWỌ̀ ỌKỌ̀ ÀTI ẸNÌKEJÌ RẸ̀

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìràwọ̀ kan wà tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ alẹ́ lọ. Nínú ìwé kan tí A. B. Ellis kọ nípa àwọn Yorùbá ní 1894, ó ní àwọn bàbá wa ń pè é ní « ìràwọ̀ ọkọ̀ », nítorí pé òun ni ó ń tọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ́nà. Àwọn Faransé ń pè é ní Sirius. Ó jìnnà ní 8,6 ọdún ìmọ́lẹ̀.

Ní 1844, ọmọ Jámánì kan, Friedrich Bessel, sọ pé ìràwọ̀ ọkọ̀ kò rìn tààrà. Ó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ sósì, bí ìyá tí ọmọ ń fà lọ́wọ́. Ó ní: ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a kò rí. Bessel kú kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ní 1862, Alvan Graham Clark rí i ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó ń dán awò awọ̀nàjíjìn tuntun wò. Ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀ ńlá. Aràrá funfun ni. Ó ń lo nǹkan bí ọdún 50 kí ó tó yí ìràwọ̀ ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó kan àwa ará Áfríkà. Ní 1950, àwọn Faransé méjì, Marcel Griaule àti Germaine Dieterlen, kọ̀wé pé àwọn àgbà Dogon ní ilẹ̀ Mali ti mọ̀ nípa ẹnìkejì ìràwọ̀ yìí láti àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, ó sì tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1991, Walter van Beek, ẹni tí ó ti bá àwọn Dogon gbé fún ọdún púpọ̀, kọ̀wé pé òun bèèrè, òun kò sì rí ìmọ̀ náà lẹ́nu wọn. Àwọn mìíràn sọ pé ó lè jẹ́ pé àlejò ni ó mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà díẹ̀, nítorí pé ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí a ti rí ìràwọ̀ náà ní Amẹ́ríkà. Èyí kò bu ọlá àwọn Dogon kù. Wọ́n ní ọgbọ́n tiwọn. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé a kì í gba ẹ̀rí kan nítorí pé ó dùn létí. A ń tún un bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.

Ìtàn kejì nìyí. Ní 1930, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íńdíà kan, Subrahmanyan Chandrasekhar, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Òyìnbó láti lọ kàwé. Ọmọ ọdún 19 ni. Nínú ọkọ̀ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kan. Ìṣirò náà fi hàn pé aràrá funfun ní ìwọ̀n tí kò lè kọjá: bí ó bá wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po 1,4, kò lè dúró, yóò wó sínú ara rẹ̀. Ní 1935, Arthur Eddington, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ nígbà náà, dìde láàárín àwùjọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ta ko ìṣirò náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ti Eddington nítorí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò mọ ipò. Ní 1983 a fún Chandrasekhar ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹ yọ 1935 kúrò nínú 1983. Ẹ ó rí iye ọdún tí ó fi dúró.


5. ỌMỌ KÒ LÈ DÀGBÀ JU ÌYÁ RẸ̀ LỌ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ní nǹkan bí 1994, ìjà dé.

Àwọn onímọ̀ kan ń wo bí àwọn agbo ìràwọ̀ ńláńlá ṣe ń jìnnà sí ara wọn. Bí ẹ bá mọ bí ọkọ̀ méjì ṣe ń sáré kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ẹ lè ṣírò ìgbà tí wọ́n kúrò ní ibùdókọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣírò ọjọ́ orí àgbáálá ayé. Wọ́n rí i pé ó lè jẹ́ ọdún bílíọ̀nù 8 sí 12.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ń wo ìdì ìràwọ̀. Ìṣirò tiwọn sọ pé àwọn ìràwọ̀ inú ìdì wọ̀nyí ti lo bílíọ̀nù 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó! Ìràwọ̀ dàgbà ju ayé tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Ǹjẹ́ ọmọ lè dàgbà ju ìyá tí ó bí i lọ? Kò ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá gbé irú ìwé ìbí bẹ́ẹ̀ dé ilé ẹjọ́, adájọ́ yóò dá a padà. Ọ̀kan nínú ìṣirò méjèèjì ní àṣìṣe, tàbí méjèèjì. Bí a kò bá sì rí àṣìṣe náà, a jẹ́ pé ohun tí a rò pé a mọ̀ nípa ayé kò dúró rárá.

Wọ́n wá a. Wọ́n rí i lápá méjèèjì. Ní 1997, ẹ̀rọ Hipparcos tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ sójú òfuurufú mú ìròyìn wá pé àwọn ìdì ìràwọ̀ jìnnà ju bí a ti rò lọ. Ohun tí ó bá jìnnà tí ó ṣì mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, iná rẹ̀ pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ìràwọ̀ tí iná rẹ̀ pọ̀ ń tètè ná oúnjẹ rẹ̀ tán, a ti sọ èyí lókè. Nítorí náà ọjọ́ orí wọn wálẹ̀. Ní 1998 ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì rí i pé ìrìn tí àgbáálá ayé ń rìn ń yára sí i ni. Bí ọkọ̀ bá ti rọra rìn tẹ́lẹ̀ kí ó tó wá sáré, a jẹ́ pé ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà ju bí a ti rò lọ. Nítorí náà ọjọ́ orí ayé gòkè.

Ọ̀kan wálẹ̀, ọ̀kan gòkè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ṣùgbọ́n ó ku ẹlẹ́rìí kẹta tí kò bá àwọn méjì ìṣáájú jókòó. Ẹlẹ́rìí náà ni ẹyín iná.


6. OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍNÚ ÌDÌ M4

Wíwo ẹyín iná nínú ìdì ìràwọ̀ kò rọrùn. Ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ ńlá bò wọ́n mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ayé wa pẹ̀lú ń gbọ̀n, òun ni ó ń mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú. Nítorí náà wọ́n gbé awò awọ̀nàjíjìn kan kọjá afẹ́fẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Hubble. Wọ́n gbé e lọ sókè ní oṣù kẹrin 1990. Dígí rẹ̀ ní àléébù díẹ̀, kò ríran dáadáa. Ní oṣù kejìlá 1993, àwọn ènìyàn gòkè lọ bá a lójú òfuurufú, wọ́n sì tún un ṣe, bí ìgbà tí a fi awò ojú fún àgbàlagbà.

Ní 1995, Harvey Richer ará Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn rí aràrá funfun tó ju 70 lọ ní apá kékeré kan nínú ìdì M4. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n rí nígbà náà ṣì gbóná. Àwọn tí ó pẹ́ jù lọ, tí ó tutù jù lọ, ṣì wà nínú òkùnkùn.

Ní 2001, wọ́n padà síbẹ̀. Wọ́n la ojú kámẹ́rà Hubble sí ibì kan ṣoṣo náà nínú ìdì M4 títí, tí àpapọ̀ wákàtí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́jọ. Ìmọ́lẹ̀ náà kéré, ó ń kán tó, tó, tó, bí omi tí ń kán sínú ìkòkò. Bí ẹ bá dúró pẹ́, ìkòkò á kún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí àwọn ẹyín iná tí ó ti pẹ́ jù lọ.

Ní 2002, Brad Hansen, Richer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìṣirò náà jáde: ọdún bílíọ̀nù 12,7. Wọ́n fi kún un pé ó lè fi bílíọ̀nù 0,7 lé, ó sì lè fi í dín. Ẹ ò rí i! Àwọn náà ní « vers » tiwọn. Onímọ̀ tòótọ́ kì í fi ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ pamọ́.

Ẹ lè bèèrè pé: « Ọdún tí iná ti kú nìkan ni ẹyín iná lè sọ. Ọdún tí ìràwọ̀ fi jó ńkọ́? » Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ rántí pé ìràwọ̀ ńlá ń tètè kú. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ di ẹyín iná nínú ìdì náà ni àwọn tí wọ́n tóbi. Ọdún tí wọ́n fi jó kò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún tí wọ́n ti fi ń tutù. Àwọn onímọ̀ fi í kún un, ìṣirò sì pé.

Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ìdì mìíràn, NGC 6397. Àlùfáà ọmọ Faransé kan, Nicolas-Louis de Lacaille, ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ Áfríkà, ní Cape, láàárín 1751 àti 1753. Ní 2006, Richer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun tí Hubble rí níbẹ̀ hàn. Ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tí ó kéré jù lọ níbẹ̀ dà bí ìgbà tí a tan àbẹ́là kékeré kan sórí òṣùpá, tí a sì ń wò ó láti ilẹ̀ ayé. Wọ́n ka àwọn ẹyín iná láti orí èyí tí ó mọ́lẹ̀ dé èyí tí kò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ti ń lọ sínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni iye ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ó dín kù lójijì.

Kí ni ó fa èyí? Ojú kámẹ́rà kò tíì dópin. Ó ṣì lè rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré sí i. Àwọn ẹyín iná ni kò sí mọ́. Ọjọ́ kò tíì tó tí èyíkéyìí nínú wọn yóò fi tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí gbogbo ẹyín iná inú ààrò bá ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí kò sí èyí tí ó tutù pátápátá, a mọ̀ pé kì í ṣe ìjẹta ni a dá iná náà. Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí ìdì yìí ní 2007 sọ pé ọdún bílíọ̀nù 11 àti ààbọ̀ ni.

Ní 2013, ẹ̀rọ Planck, tí ó ń wo ooru tí ó ṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé, mú ọjọ́ orí àgbáálá ayé wá: nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 13,8. Ẹ fi í wé 12,7. Ẹ fi í wé 11,5. Ọmọ kò dàgbà ju ìyá rẹ̀ lọ mọ́. Ẹlẹ́rìí kẹta ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bá ti àwọn méjì tó kù mu.


7. ẸYÍN INÁ TÍ Ó FI EÉRÚ BOJÚ

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Nígbà mìíràn, igi díẹ̀ ṣì wà lábẹ́ eérú. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí i yóò sọ pé: « Ìsinsìnyí ni iná yìí kú. » Kò sì rí bẹ́ẹ̀. Igi tí ó farapamọ́ ni ó mú un gbóná.

Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan fi Hubble wo aràrá funfun tó ju 700 lọ nínú ìdì méjì, M3 àti M13. Wọ́n rí i pé nínú M13, nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá wọn ṣì ní háídrójìn díẹ̀ lára, ó sì ń jó díẹ̀díẹ̀. Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè tutù. Bí a kò bá mọ èyí, a lè fi tó bílíọ̀nù ọdún kan ṣi ọjọ́ orí rẹ̀.

Ṣé èyí ba gbogbo iṣẹ́ ìṣáájú jẹ́ ni? Rárá o. Ohun tí ó sọ ni pé kí a kọ́kọ́ yẹ ẹlẹ́rìí wò dáadáa kí a tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Adájọ́ rere ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.


8. OHUN TÍ Ẹ LÈ FI OJÚ ARA YÍN RÍ

Ẹ kò nílò owó láti wo ojú ọ̀run. Ibi tí àwa wà sì dára púpọ̀. Ní Yúróòpù, wọn kì í rí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ìhà gúúsù. Ní ìsàlẹ̀ Áfríkà, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ìhà àríwá pamọ́ fún wọn. Àwa tí a wà ní àárín ayé ń rí apá méjèèjì.

Ní oṣù kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ wo òkè. Ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ, tí ó ń tàn funfun, ìràwọ̀ ọkọ̀ nìyẹn. Ẹyín iná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ojú yín kò lè rí. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún Àgùàlà. Àgùàlà kì í ṣẹ́jú, kì í sì í ṣe ìràwọ̀. Ayé mìíràn tí oòrùn ń tàn sí ni. Àwọn bàbá wa ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ohun tí ojú rí nìkan kò tó.

Ní oṣù karùn-ún, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, bí òjò bá dá tí kò sí òṣùpá, ẹ kọjú sí gúúsù. Ẹ wo àárín ìsàlẹ̀ àti òkè. Bí ibẹ̀ kò bá ní iná mànàmáná, ẹ lè rí ìràwọ̀ kan tí kò ṣe kedere, tí ó dà bí ìkúùkù bíńtín. Kì í ṣe ìràwọ̀ kan. Ìdì ìràwọ̀ ni, Omega Centauri. Nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ìràwọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn tó 17 000 ọdún kí ó tó dé Pobẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́.

Ní oṣù keje, ẹ wá ìràwọ̀ pupa kan ní gúúsù. Orúkọ rẹ̀ ni Antares. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìdì M4 wà. Ẹni tí ó bá ní awò olójú méjì lè rí i.


Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó LE

Aràrá funfun: ọkàn ìràwọ̀ tí iná rẹ̀ ti kú, tí ó ń tutù.
Ìdì ìràwọ̀: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìràwọ̀ tí a bí ní àkókò kan náà, tí wọ́n fún mọ́ra róbótó.
Ọdún ìmọ́lẹ̀: ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan.
Awò awọ̀nàjíjìn: ẹ̀rọ tí ń mú kí a rí ohun tó jìnnà.


ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni « vers » túmọ̀ sí nínú ìwé ìbí?
2. Kí ni ó dé tí ìràwọ̀ ńlá fi ń tètè kú?
3. Sọ ìdí méjì tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn ìdì ìràwọ̀.
4. Ìṣirò méjì wo ni wọn kò bá ara mu ní nǹkan bí 1994?
5. Kọ bílíọ̀nù 12,7 sílẹ̀ ní nọ́ńbà gígùn. Òdo mélòó ni ó wà nínú rẹ̀?
6. Bílíọ̀nù 12,7 lè fi 0,7 lé tàbí kí ó fi í dín. Kí ni iye tí ó kéré jù? Kí ni iye tí ó pọ̀ jù?
7. Iṣẹ́ ilé: Ẹ bi àgbàlagbà kan nínú ilé yín léèrè nǹkan méjì tí ó rántí nípa ọdún tí a bí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi ẹlòmíràn léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì.